Òkú Tó Kọjú sí Odò

Díẹ̀ ló kù kí Mọ́ríátù tẹ òkú náà mọ́lẹ̀.

Ọyẹ́ ti bo oko. Ojú èèyàn ò ríran ju ìwọ̀n igi mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn ti là níbì kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè nàka sí ibi tó wà. Mọ́ríátù ti la odò kọjá láti ìhà Ìfọ́n, níbi tí omi ò ti ju orúnkún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Etí odò ń yọ̀ ju ti àná lọ. Kò kà á sí. Àkùrọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní ìhà Ìlobù ló ń lọ, kó lè já tẹ̀tẹ̀. Ó ré oko ààlà, tí Ìfọ́n àti Ìlobù ń jà lé, kọjá bí ó ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí ẹsẹ̀ méjì.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ń sùn.

Jàlálù ni. Jàlálù apẹja, ọmọ Ìfọ́n, tó máa ń kí i lójoojúmọ́ pé "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́." Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Wọ́n fọwọ́ kó erùpẹ̀ jọ bí ìrọ̀rí, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún lé e. Aṣọ rẹ̀ tutù. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mọ́ríátù ti ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sáláṣí Ìfọ́n. Ó mọ òkú tí wọ́n jù nù. Ó mọ òkú tí wọ́n tẹ́. Wọ́n tẹ́ èyí ni.

Nígbà náà ló rí àdá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin gbígbóná ni wọ́n fi kọ orúkọ sára èèkù rẹ̀: Sofiyullah, Ìlobù.

Àbúrò rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ti òkú mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Sofi àti Jàlálù ti bá ara wọn jà níbí lójú gbogbo ayé, tọ̀tún tòsì odò. Sofi ti na àdá yìí kan náà sókè, ó ní, "Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ ẹ lórí ilẹ̀ yìí, màá gé e!" Ìlú méjèèjì ló gbọ́. Ta ló máa pa Jàlálù, tí àánú á tún ṣe é, tí á tẹ́ ẹ bí Mùsùlùmí, bí kò bá ṣe ẹni tó lọ sí ilé kéwú, tó gbóná, tó sì máa ń tètè kábàámọ̀? Sofi nìkan ni.

Ara rẹ̀ ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó gbé àdá. Ó sáré dé àkùrọ̀. Ó tú ebè kan, ó ri àdá mọ́ ọn, ó tún ebè náà kọ. Ó fọ ọwọ́. Ó padà síbi òkú.

Lẹ́yìn náà ló wá pariwo.

*

Ìnsìpẹ́kítọ̀ Wúràọlá dé láti Òṣogbo nígbà tí èrò ti pé sí ọ̀tún àti òsì odò. Obìnrin kúkúrú ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bọ́ bàtà.

Kọ́pùrù Dámiláre, awakọ̀ rẹ̀, ní, "Ọ̀gá, ẹ̀gún pọ̀ níbí o."

"Ẹ̀gún tó bá gún mi á sọ ibi tó ti wá."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Mọ́ríátù. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Mà. Ẹ̀yin lẹ rí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló ti fọwọ́ kàn án?"

"Kò sí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

Ìnsìpẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wo èékánná òkú. Ó wo etí rẹ̀. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó sì fa òórùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó dúró nítòsí yíjú kúrò.

"Dámiláre, wá gbóòórùn eléyìí."

"Ọ̀gá, mo jẹun wá o."

"Wá gbóòórùn ẹ̀."

Dámiláre bẹ̀rẹ̀, ó sì dìde kíá. "Ẹyin tó ti bàjẹ́."

"Ẹrẹ̀ dúdú, nínú etí, lábẹ́ èékánná." Ìnsìpẹ́kítọ̀ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, ó gbẹ bí èlùbọ́. "Ìgbà wo ni òjò rọ̀ mọ níbí, Mà?"

"Ó ti lé ní oṣù méjì."

Mọ́ríátù mọ òórùn náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò lókè, tí wọ́n kọ́ dáàmù iná, ni òórùn náà ti ń bá omi wá. Ó ti jẹ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ rà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti mú kí ẹja yí ikùn sókè. Ẹnu ń yún un láti sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ẹni tó bá ti fi nǹkan kan pamọ́, òótọ́ tó lè gbà á pàápàá á máa bà á lẹ́rù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kígbe láti òdìkejì odò. Ọládèjì ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Jàlálù. Àwọn èwe Ìfọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, igi àti àdá lọ́wọ́ wọn.

"Ìnsìpẹ́kítọ̀! A fún yín di ìrun Alásàrí! Bí ẹ ò bá kéde pé Sofi ló pa á, a máa sọdá!"

Ẹnì kan dá a lóhùn láti ìhà Ìlobù. "Ẹ sọdá! Ṣé omi ló ń dí yín lọ́wọ́ ni?"

Ẹ̀rín dún. Kò dùn létí. Ilé ọkọ Mọ́ríátù wà ní Ìfọ́n. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìlobù. Èyí tó wù kó jó, tirẹ̀ ni.

*

Wọ́n ti mú Sofiyullah láti ilé rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?" ni Ìnsìpẹ́kítọ̀ bi í.

"Ilé."

"Ta ló rí yín?"

"Ọlọ́run."

"Òun ò ní wá sí tẹ́ṣàn. Àdá yín dà?"

Sofi gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ wo Mọ́ríátù.

"Mo yá ẹnì kan."

"Ta ni?"

Sofi tún yíjú sí odò.

"Ẹ bá Jàlálù jà."

"A jà."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ilẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń jà lé níbí?"

Ìnsìpẹ́kítọ̀ mi orí. "Ẹni tó ń jà lórí ilẹ̀ máa ń wo ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé, odò lẹ ń wò."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mọ́ríátù tẹ̀ lé e. Kò mọ ìdí tó fi tẹ̀ lé e. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ojú obìnrin náà ń lọ.

Ọparun kan wà níbẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Láti òkè dé ìdí rẹ̀, wọ́n ti fi àdá gé ìlà sí i lára, ìlà kéékèèké, wọ́n dọ́gba. Ìnsìpẹ́kítọ̀ kà á. Mẹ́tàdínlógójì. Lẹ́yìn náà ó wo òkè. Ní ibi tó ga ju orí rẹ̀ lọ, koríko tútù há sára ọparun. Ẹrẹ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì gbẹ.

Omi tó wà nísàlẹ̀ ò kọjá orúnkún.

"Mà," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "omi gun igi yìí láàárọ̀ yìí. Òjò ò rọ̀. Níbo ló ti wá?"

Mọ́ríátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

Ìnsìpẹ́kítọ̀ wo ojú rẹ̀. Ó wo agbọ̀n tó gbé láti fi já tẹ̀tẹ̀, tí ewé kan ò sí nínú rẹ̀.

*

Wọ́n ti gbé òkú lọ sí ọsibítù nígbà tí Ẹnjiníà Máyọ̀wá dé. Òun ni ọ̀gá dáàmù. Ìmọ́lẹ̀-Odò ni orúkọ iléeṣẹ́ náà. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sé odò, tí omi ti bo abúlé Ìdí-Ọsẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti sàréè, tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ wá sí ilé búlọ́ọ̀kù tí iléeṣẹ́ náà kọ́ sẹ́yìn Ìfọ́n. Wáyà iná ń kọjá lórí Ìfọ́n, ó ń kọjá lórí Ìlobù. Kò yà sí èyíkéyìí.

Ẹnjiníà ní, "Ìnsìpẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n wá bá wọn kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí á kúkú pa wọ́n tán."

"Ta ló sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni?"

"Ta ni kò mọ̀?"

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn omi láàárọ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Omi wo? A ti tì í láti oṣù tó kọjá. Bí a bá sì fẹ́ ṣí i, fèrè ìkìlọ̀ á kọ́kọ́ dún. Ṣé ẹ gbọ́ fèrè?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ fèrè."

"Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan."

Ìnsìpẹ́kítọ̀ yí ọkọ̀ Ẹnjiníà po. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni. "Eruku ọyẹ́ bo iwájú ọkọ̀ yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí àwo."

"A fi kó ẹja lánàá. A fọ̀ ọ́."

Dámiláre ní, "Ẹja? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ibẹ̀ fún wa. Àwọn apẹja ibí ti ń ra ẹja inú yìnyín jẹ."

Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo aago, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó sì wakọ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kó lọ, ọ̀gá?" ni Dámiláre bi í.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó mọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn. Omi tó gun ọparun náà ò sì lè jẹ́rìí. Mo fẹ́ ẹni tó gbé e, tó sì tẹ́ ẹ."

*

Ìnsìpẹ́kítọ̀ padà síbi tí òkú ti dùbúlẹ̀. Erùpẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kó jọ ṣì wà, ojú ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú tẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi, Mà. Onígbàgbọ́ ni mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ́ Mùsùlùmí?"

Mọ́ríátù rò pé ìdẹkùn ni. Bí ó bá sọ ọ́, wọ́n á ní Mùsùlùmí tó mọ̀ ọ́n ṣe ló pa á, Sofi sì ni. Bí kò bá sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n á bi.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún," ni ó wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kan ilẹ̀. Wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì, síbi tí a ń kọjú sí kírun. Ìlà oòrùn ni níbí."

"Ibo nìyẹn?"

Mọ́ríátù gbọ́wọ́ sókè láti júwe, ọwọ́ náà sì dúró sí afẹ́fẹ́.

Oko Sofi wà ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí wọn. Lábẹ́ igi oríri kan, òkúta kéékèèké tí Sofi tò sílẹ̀ wà níbẹ̀, bí ilé tí kò ní ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń kírun lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Òkúta tó tóbi jù lọ wà níwájú, ní ìlà oòrùn.

Ojú òkú ò kọ síbẹ̀. Odò ni ojú òkú kọ sí. Odò sì wà ní gúúsù oko náà.

Láàárọ̀, àdá nìkan ló ti kún ojú Mọ́ríátù. Kò rí ohun tó kù. Òun, ẹni tó ń wẹ òkú.

"Kì í ṣe Sofi," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Wọ́n ṣi ojú rẹ̀ kọ. Sofi ò lè ṣì í. Bí wọ́n bá di Sofi lójú, tí wọ́n gbé e sórí oko yìí, á mọ gábàsì."

Ìnsìpẹ́kítọ̀ dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún. "Nítorí náà, Mùsùlùmí ni. Ó ní àánú òkú. Kò mọ ilẹ̀ yìí. Ọyẹ́ bo oòrùn, kò rí nǹkan kan tí á fi mọ ìlà oòrùn, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí odò. Kí ló dé tó jẹ́ odò?" Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹni tó ṣìnà á kọjú sí ibikíbi. Eléyìí gún régé. Ó dá a lójú."

Mọ́ríátù ní ọ̀rẹ́ kan, Hàfúsátù, arúgbó ará Ìdí-Ọsẹ̀, tí ń sunkún ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kírun.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé búlọ́ọ̀kù," ni ó wí.

*

Hàfúsátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mọ́ríátù kúnlẹ̀. Ìnsìpẹ́kítọ̀ náà kúnlẹ̀.

"Màmá, nígbà tí ẹ wà nílé, ibo lẹ máa ń kọjú sí kírun?"

"Odò ni. Ibo ló tún kù?" Arúgbó náà ò gbójú kúrò lórí ẹ̀wà. "Odò ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ níwájú wa, oòrùn sì ń là lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ti bí ọmọ wa ló ti mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ ṣú, bí ọyẹ́ mú, a ó gbọ́ ohùn omi, a ó sì kọjú sí i. Níbí, mi ò mọ ibi tí mo wà. Ọ̀dà ni Lèmọ́ọ̀mù fi fa ìlà sí ògiri fún wa." Ó fi ẹnu júwe ìlà funfun kan nínú yàrá. "Èmi ń kírun fún ògiri."

"Mélòó nínú àwọn ọkùnrin yín ló ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù?"

"Ẹyọ kan. Gbádàmọ́sí, bàbá Shakirah. Òun ni wọ́n fi sídìí fèrè." Ó ju ẹ̀wà bíbàjẹ́ kan nù. "Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti fọ́."

*

Ìnsìpẹ́kítọ̀ ní kí Dámiláre lọ pe Gbádàmọ́sí, kó wá júwe ibi tí àwọn òpó ààlà dáàmù wà. Gbádàmọ́sí dé oko ààlà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ọyẹ́ ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń rí òdìkejì odò, àwọn èwe Ìfọ́n tó dúró wámúwámú. Ṣùgbọ́n oòrùn wà ní àárín orí, ó funfun, ó rẹ̀wẹ̀sì. Kò tọ́ka sí ibì kankan.

Ìnsìpẹ́kítọ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ òpó. Òpó mélòó? Ta ló rì wọ́n? Gbádàmọ́sí ń dáhùn, òógùn ń sọ lára rẹ̀ nínú òtútù. Ládàánì Ìlobù pe ìrun Ayílà. Ti Ìfọ́n náà pè é.

"Ìrun ti tó," ni Ìnsìpẹ́kítọ̀ wí. "Mi ò ní dá yín dúró. Dámiláre, tú ọwọ́ Sofiyullah náà, kó kírun."

"Ọ̀gá?"

"Tú u."

Ó fi ọkọ̀ ọlọ́pàá sí àárín àwọn méjèèjì. Gbádàmọ́sí ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi kẹ́tù. Ó tẹ́ ẹní. Ó dúró díẹ̀, ó gbé etí sókè bí ẹni tí ń gbọ́ nǹkan.

Ó sì kọjú sí odò.

Lápá kejì ọkọ̀, Sofi dúró láàárín òkúta rẹ̀, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n jọ tẹ̀, wọ́n jọ forí kanlẹ̀, Ọlọ́run kan náà, ọ̀nà méjì. Mọ́ríátù fọwọ́ bo ẹnu.

Gbádàmọ́sí sálámà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ìnsìpẹ́kítọ̀, ó rí Sofi lábẹ́ igi. Ó wo ẹní ara rẹ̀. Ó wo Sofi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá Shakirah," ni Ìnsìpẹ́kítọ̀ wí, "bí ẹ ṣe kọjú yìí náà lẹ ṣe kọ ojú Jàlálù."

Gbádàmọ́sí jókòó sórí ẹní.

"Mi ò pa á. Omi ló pa á. Ẹrẹ̀ ti dí ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ò yí mọ́. Ẹnjiníà ní ká ṣí i lójú àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ẹrẹ̀ lè jáde. Ó ní n má fun fèrè. Ó ní bí fèrè bá dún, àwọn ìlú á mọ̀ pé àwa là ń da omi dúdú. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é." Ó nu imú. "Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn omi, mo rí i. Ó há sára òkúta. Ìgèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, àdá wà ní ìgbànú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ gbé e wá síbí?"

"Ẹnjiníà ni, ọkọ̀ rẹ̀ la fi gbé e. Ó ka orúkọ ara àdá. Ó ní, bí wọ́n bá rí i létí odò, odò ni wọ́n á bi. Bí wọ́n bá rí i lórí oko ààlà, tí àdá yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tí á bi odò. Ó ní bí mo bá kọ̀, òun á lé àwọn ọmọ mi kúrò nínú búlọ́ọ̀kù. Níbo ni màá tún kó wọn lọ? Bàbá mi gan-an wà lábẹ́ omi." Ó gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n mi ò lè jù ú sílẹ̀ bí ajá. Ọyẹ́ bo ojú mi. Mo gbọ́ ohùn odò."

Sofi ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. "Èmi ni mo yá Jàlálù ní àdá," ni ó wí. "Àwa méjèèjì là ń gé ìlà sára ọparun yẹn, ní gbogbo ìgbà tí omi bá dé láìsí fèrè. Ìjà yẹn, ẹ̀tàn ni. Ọmọ Ìlobù àti ọmọ Ìfọ́n, lásìkò yìí? Bí wọ́n bá rí wa pọ̀, ilé wa ni wọ́n á kọ́kọ́ sun."

Ìgbe sọ láti òdìkejì odò.

"Wọ́n ti tú u sílẹ̀! Ẹ wò ó! Wọ́n ti tú Sofi sílẹ̀!"

Ọládèjì ti wọ odò. Ogún èwe tẹ̀ lé e, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ò kọjá orúnkún wọn. Àwọn ti Ìlobù náà ń sáré bọ̀ láti inú oko.

Gbádàmọ́sí fò dìde. "Aago mélòó ló lù?"

"Ó ti ń lọ sí méjì," ni Dámiláre wí.

"Ẹrẹ̀ ò tán láàárọ̀. Wọ́n á tún ṣí i lẹ́yìn Ayílà. Èmi ni mo wà nídìí fèrè, èmi sì rèé!"

Mọ́ríátù ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ó dé etí odò, ó ń ju ọwọ́. "Omi ń bọ̀! Ẹ padà! Omi ń bọ̀!"

"Ẹ gbọ́ ìyàwó wa!" ni Ọládèjì wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín ìbínú. "Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀!"

"Ọládèjì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

"Ẹ kúrò lọ́nà, Mà!"

Wọn ò gbà á gbọ́. Obìnrin Ìlobù ni. Ó rí i lójú wọn pé kò sí ọ̀rọ̀ tí òun lè sọ. Wọ́n ti ré àárín odò kọjá.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ẹyin bíbàjẹ́. Ọládèjì dúró, ó fa imú. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí omi yẹn ò ba ẹ̀fọ́ tàbí àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ rí, ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ìró kan, bíi ti ọkọ̀ ńlá tí ń gun òkè.

"Ẹ sáré!" ni Sofi kígbe. "Ẹ má padà! Ìhín ló sún mọ́ jù!"

Wọ́n ju igi nù. Wọ́n ju àdá nù. Àwọn èwe Ìlobù tó wá láti bá wọn jà na ọwọ́, wọ́n ń fa wọ́n gòkè, láìrò ó. Omi dé ní dúdú, ó ga, ó ń yí igi kiri. Ọládèjì tó ti dúró ló wá kù sẹ́yìn pátápátá. Omi ti mú un dé àyà nígbà tí Sofi wọlé tọ̀ ọ́, tó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, tí Dámiláre náà sì di Sofi mú ní bẹ́líìtì.

Wọ́n wọ́ ọ jáde. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wú ikọ́, ẹrẹ̀ dúdú ń jáde nímú rẹ̀. Ẹrẹ̀ kan náà tó wà nínú etí Jàlálù.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Odò ti sọ ọ́.

*

Odò ò fà títí Alásàrí fi kọjá. Àwọn èwe Ìfọ́n jókòó sórí ilẹ̀ Ìlobù, wọn ò lè lọ sílé. Ẹnì kan bu gààrí fún wọn. Wọ́n mu ún, wọn ò wo ojú ara wọn. Dámiláre ti bá ọkọ̀ ọlọ́pàá mìíràn lọ mú Ẹnjiníà. Gbádàmọ́sí jókòó nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni ò sì ṣọ́ ọ.

Mọ́ríátù wá dúró níwájú Ìnsìpẹ́kítọ̀.

"Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Ebè kẹta," ni Ìnsìpẹ́kítọ̀ wí.

Mọ́ríátù wò ó.

"Mo dé àkùrọ̀ yín. Gbogbo ebè ibẹ̀ ti gbẹ, àyàfi ẹyọ kan tí wọ́n tún kọ láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá rí òkú kì í kọ ebè, Mà. Mo mọ̀ pé ẹ ó mú un wá fúnra yín. Bí ẹ ò bá mú un wá, ǹ bá gbé yín lọ."

Mọ́ríátù wú àdá náà. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé e lé Ìnsìpẹ́kítọ̀ lọ́wọ́. Ìnsìpẹ́kítọ̀ wo èèkù rẹ̀. Ó wo ọparun tó ṣì ń mì nínú omi tó ti ń fà, apá òkè rẹ̀ ti yọ. Ó na àdá náà sí Sofi.

"Ẹ lò ó tán kí n tó gbà á."

Sofi wọ omi dé ìgbáròkó. Ọládèjì dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ó di ọparun mú fún un kó má baà mì.

Sofi gé ìlà kan, ti ọ̀sán yìí. Ó dúró díẹ̀. Ó gé èkejì, ti àárọ̀.